Abọ́ èso fún ooru ẹ̀ẹ̀rùn: ohun tó wà lórí àtẹ wa ti tó

Tí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, tí ọyẹ́ ti ká kúrò nílẹ̀, tí òjò kò sì tíì rọ̀ dáadáa, ooru ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kì í ṣe kékeré. Láti Ìjerò dé Àràmọ̀kọ̀, títí lọ sí Ìdó-Ilé àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹlẹ́rìndòdò tútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, àkókò yìí gan-an ni àgbálùmọ̀ ń já bọ́ nínú oko kòkó, tí ọ̀pẹ òyìnbó, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lórí àtẹ, tí ọsàn kò tíì tán, tí máńgòrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé abọ́ èso tí a gé pọ̀, láìsí ṣúgà, láìsí mílíìkì, ló yẹ ká fi pàdé ooru yìí. Àwọn tó sọ pé kò lè pé láìsí ápù àti gréèpù tó gba orí òkun wá ló sọ ọ́ di oúnjẹ olówó.

Òógùn ni ara fi ń lé ooru jáde, omi tó bá òógùn lọ ló sì yẹ ká dá padà. Nínú gíráàmù 100 wọ́tàmẹ́lọ̀n tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, omi lé ní gíráàmù 90. Ti ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó tó bíi 86 sí 88. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò lómi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní pòtásíọ̀mù tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbé ẹlẹ́rìndòdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èso wọ̀nyí: àwọn kan nínú wọn ní bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú 10cl, tó fi jẹ́ pé ìgò 50cl kan lè gbé gíráàmù 50 wọ ara. Iye yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2015 pé kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́, wọ́n tiẹ̀ ní yóò dára jù tó bá mọ sí 25. Ṣúgà inú odindi èso kò sí nínú ìṣirò yẹn; háhá inú èso kì í jẹ́ kó ya wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣíṣe abọ́ èso kò le. Ẹ kọ́kọ́ fọ odindi èso, títí kan ìbẹ́pẹ àti wọ́tàmẹ́lọ̀n tí ẹ máa ju èèpo rẹ̀ nù, torí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ yọ kóró àgbálùmọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìkẹyìn, nítorí kì í pẹ́ dúdú tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá fún sí i kò ní jẹ́ kó tètè dúdú, kíkan rẹ̀ sì ń mú adùn èso yòókù yọ, débi pé ṣúgà di àṣejù. Ti mílíìkì tún burú sí i. Ọ̀pẹ òyìnbó tútù ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bromelain, tó ń já purotéènì sí wẹ́wẹ́; ó wà lára ohun tó ń ta ẹni láhọ́n. Tó bá bá mílíìkì jókòó pẹ́ nínú abọ́, abọ́ náà á korò.

Ẹlòmíì á ní alátọ̀gbẹ ń kọ́? Abọ́ kékeré ni kó jẹ, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò inú rẹ̀ má pọ̀, kó sì gba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pòtásíọ̀mù. Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti iná mànàmáná: ta ni fìríìjì rẹ̀ ń tutù lóòjọ́? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n odindi èso kò bẹ fìríìjì, èyí tí a ti gé ló ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn elétò ìlera ní Amẹ́ríkà ní kí èso gígé má ju wákàtí méjì lọ níta, wákàtí kan péré tí ooru bá ti kọjá 32°C, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tiwa sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iye tí ilé máa jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gé. Ní ti kábáàdì tí àwọn kan fi ń mú èso pọ́n, tí àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ fún wa lé lórí, ẹ ra èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kí ẹ fi ìwé wé e pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò mú un pọ́n láìsí májèlé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta èso gígé nínú ọ̀rá lójú títì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà lódindi, kí ẹ gé e lójú oníbàárà.