Ẹ Ka Létà Náà Dé Òpin

Bí ẹ bá wọkọ̀ láti Bàúndárì ní Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ń lọ sí ọ̀nà Wọ́ọ̀fù ní Àpápá, ẹ ó ka Bíbélì lójú títì kí ẹ tó débẹ̀. Ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó wà lára tírélà tó gbé kọ̀nténà, ó wà lórí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fílípì 4:13 rèé, Orin Dáfídì 23:1 nìyẹn. Èyí tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn púpọ̀ ni Jeremáyà 29:11, níbi tí Olúwa ti fi yé àwọn ènìyàn rẹ̀ pé rere ni òun ń rò sí wọn. A kò sọ pé ó burú láti kọ ọ́ síbẹ̀. Ó sàn ju púpọ̀ nínú ohun mìíràn tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni Olúwa ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Kí ló sì sọ kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ yìí?

Létà ni. Nebukadinésárì ọba Bábílónì ti kó ọba Júdà, àwọn ìjòyè rẹ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ Jerúsálẹ́mù lọ sí ìgbèkùn ní nǹkan bí ọdún 597 kí á tó bí Olúwa wa, Jeremáyà sì kọ̀wé sí wọn láti ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i. Láti ẹsẹ karùn-ún ni ó ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú àjèjì tí wọ́n wà. Ní ẹsẹ kẹjọ, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn wòlíì tó wà láàárín wọn tàn wọ́n jẹ. Ẹsẹ kẹwàá ló wá sọ iye ọdún: àádọ́rin. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ kọkànlá tí gbogbo wa mọ̀ tó dé.

Àádọ́rin ọdún! Ẹni tó ti pé ogójì ọdún nígbà tí wọ́n ka létà náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kọ́ ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé; ọmọ-ọmọ òun ni. Ìlérí náà kò sì tipa bẹ́ẹ̀ di irọ́. Àǹfààní kan tún wà nínú Bíbélì Yorùbá wa: “nyin” ni a kọ síbẹ̀, kì í ṣe “ọ”. Ọlọ́run kì í sì í pe ènìyàn bí ọmọdé ṣe ń pe àgbà, nítorí náà odindi orílẹ̀-èdè ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní orí tó ṣáájú èyí, ẹ ó rí Hananáyà. Òun náà ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, orúkọ Olúwa ni ó fi sọ̀rọ̀, inú ilé Olúwa ni ó sì ti sọ ọ́: ọdún méjì péré, ohun gbogbo yóò padà bọ̀ sípò. Jeremáyà pàápàá ṣe àmín sí i ní ẹsẹ kẹfà, nítorí ta ni kò fẹ́ rere? Ṣùgbọ́n Olúwa kò rán Hananáyà. Oṣù keje ọdún náà ni ó kú. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ kọkànlá kúrò lábẹ́ ẹsẹ kẹwàá, létà Jeremáyà ló mú dání, ìwàásù Hananáyà ló ń wà.

Ẹ jẹ́ kí á mú òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù kan ní Ajégúnlẹ̀, tó ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kó owó ilé ọdún kan jọ. Wọ́n wàásù Jeremáyà 29:11 fún un pé kí oṣù tó parí. Wọ́n fi Lúùkù 6:38 tì í lẹ́yìn pé kí ó fi owó náà fún Ọlọ́run ná, kí ó lè gbà á padà ní ìlọ́po. Wọn kò ka ẹsẹ kẹtàdínlógójì sí i létí, níbi tí Olúwa wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa dídá ènìyàn lẹ́jọ́ àti dídárí jini, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka ẹsẹ karùndínlógójì, tó ní kí á yáni lówó láìretí pé yóò padà. Oṣù parí. Onílé kì í gba àmín. Ọkùnrin yìí pàdánù owó, ó sì pàdánù ohun tó ju owó lọ, nítorí ó ń rò nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run ni ó ṣe ìlérí tí kò mú ṣẹ.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n létà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ní létà kan wá láti Ìgbòkòdá fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, tí akọ̀wé àdúgbò ka “àlàáfíà ni a wà” fún un, tó sì ká a padà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìyá ń ṣàìsàn, kí ó tètè máa bọ̀.

Pọ́ọ̀lù kò mọ ohun tó ń jẹ́ Fílípì 4:13. Ọdún 1551 ni Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, tẹ Májẹ̀mú Tuntun tó ní nọ́ńbà ẹsẹ tí a ń lò títí di òní. Nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ létà rẹ̀, ohun tó sì sọ ṣáájú ní ẹsẹ kejìlá ni pé òun ti kọ́ bí a ti ń yó àti bí a ti ń fi ebi sùn. Agbára láti fara da ebi wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tírélà kò gbé apá yẹn.

Ní ọ̀nà Wọ́ọ̀fù yìí kan náà ni Ilé Bíbélì wà, níbi tí Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1966, ti ń pín Bíbélì káàkiri. Ìwé Róòmù ni Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Yorùbá, ní 1850, odindi létà. Ní 1884 ni gbogbo Bíbélì tó pé. Wọn kò ṣe wàhálà ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nítorí ẹsẹ méjìlá tí a ó máa lẹ̀ mọ́ ògiri.

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ìlérí ni. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti àwa Yorùbá, iṣẹ́ èbúté Àpápá ló fa ọ̀pọ̀ wá síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń gbé ibẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Fún irú wọn ni ẹsẹ keje létà náà ṣe wà, èyí tó ní kí á wá àlàáfíà ìlú tí a ń gbé, pé nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwa wà. A kò tíì rí i lẹ́yìn ọkọ̀ kankan.

Bí ẹ bá jókòó ti àdúrà ìdílé lálẹ́ òní, ẹ ka Jeremáyà orí 27 dé 29 láìfò. Kí ọmọ kan ka orí kan. Níparí, ẹ ó pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣemáyà, tí òun náà kọ létà tirẹ̀ láti Bábílónì sí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, pé kí ló dé tí wọn kò tíì bá Jeremáyà wí. Ohun tó bí i nínú kò ju pé Jeremáyà sọ pé yóò pẹ́.