Ènìyàn Kan, Kẹ̀kẹ́ Kan, Gbogbo Ilẹ̀ Yúróòpù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò kan. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Èkó lọ sí Kánò, ẹ ó kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Bí ó bá wá ní bí ẹ bá dé Kánò kí ẹ padà sí Èkó, kí ẹ tún lọ, kí ẹ sì tún bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ lọ. Pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá yín gbé ẹrù, kò gbọdọ̀ bá yín lẹ táyà, aya yín kò sì gbọdọ̀ gbé oúnjẹ pàdé yín lọ́nà, mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí wọ́n tètè bá a wá oníṣègùn. Síbẹ̀, ìrìn tí ó tó báyìí ni àwọn ènìyàn kan ń fi owó ara wọn rìn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní pàápàá kì í gba kọ́bọ̀.

Transcontinental Race ni wọ́n ń pe eré náà, èyíinì ni eré tí a ń sá la ilẹ̀ ńlá kan já láti ìkángun kan dé ìkángun kejì. Mike Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2013. Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì tí ó ń rán ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́ líle ni Mike Hall. Ní ọdún 2012, òun fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ yí ayé ká, láti Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi padà síbẹ̀. Ọjọ́ 91 àti wákàtí 18 ni ó fi ṣe é, bí a bá yọ àkókò tí ó fi wọ ọkọ̀ kọjá omi kúrò.

Bí ọgbọ̀n ènìyàn ni ó jáde láti orí afárá Westminster ní ọdún àkọ́kọ́ náà, tí wọ́n kọjú sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí yóò wu púpọ̀ nínú yín láti mọ̀: ẹ̀bá odi Rumeli Hisarı ni, odi tí Sultan Mehmed Kejì mọ sí etí omi Bosphorus ní ọdún 1452, nígbà tí ó ku ọdún kan kí ó gba ìlú náà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù pin sí. Bí ènìyàn bá gbójú sókè wo òdì kejì omi, Éṣíà ni ó ń wò yẹn. Kristof Allegaert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, ni ó kọ́kọ́ dé, ọjọ́ méje àti díẹ̀ ni ó sì lò. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, Juliana Buhring. Òun náà wà lára àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ó dé. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ń bọ̀ níwájú.

Òfin eré náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Wọ́n á sọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìparí, wọ́n á sì yan ibùdó òǹtẹ̀ mẹ́rin tàbí bẹ́ẹ̀ sáàárín, tí ó sábà máa ń jẹ́ orí òkè gíga tàbí ìtòsí rẹ̀. Olúkúlùkù ní káàdì kan tí wọn yóò tẹ òǹtẹ̀ sí ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Láti ibùdó kan dé èkejì, ọ̀nà tí ó bá wu kálukú ni kí ó gbà, àfi àwọn títì eléwu tí a kà léèwọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun gbọ́n, tí ó wá ọ̀nà àbùjá, lè bá ara rẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lórí èjìká. Agogo kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sùn, agogo ń lọ. Bí ẹ bá ń jẹun, ó ń lọ. Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹ ń sunkún, ó ń lọ.

Òfin ìrànlọ́wọ́ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ohunkóhun tí a bá ń tà fún gbogbo ayé, ẹ lè rà á: búrẹ́dì, omi, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ ọwọ́ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ṣe fún yín nítorí pé ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan ẹni, èèwọ̀ ni. Ẹ kò sì gbọdọ̀ lọ́ sẹ́yìn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn kí ó máa bá yín gba atẹ́gùn sára. Èyí kò jọ Tour de France rárá, níbi tí odidi ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá kan, tí mọ́tò ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mìíràn lórí, tí wọ́n sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́. Kò jọ eré àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú, èyí tí ọkùnrin mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 láti Kalifọ́níà dé New York; àwọn olùtọ́jú nínú ọkọ̀ ni ó ń bá oníkẹ̀kẹ́ lọ nínú ìyẹn.

Ẹ wá wo ẹrù wọn. Àpò kékeré mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́: aṣọ òjò, ohun ìtẹ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, irin iṣẹ́ díẹ̀, ohun tí wọn yóò fi lẹ táyà bí ó bá jò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo àtùpà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń tàn bí ó ti ń yí, bíi dáínámò tí àwọn bàbá wa so mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn nígbà kan. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn: ibi tí àwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, abẹ́ igi, ẹ̀yìn ilé epo. Ilé epo náà ni ilé ìdáná wọn, nítorí òun ni ó ń ṣí ní òru.

Ara kì í sì í dákẹ́. Ọwọ́ a máa kú débi pé ènìyàn kò ní lè fi ìka ara rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ọrùn pàápàá a máa kọ iṣẹ́: orí á ṣubú sí àyà, kò ní gbé e sókè mọ́. Láti ara Michael Shermer ni àìsàn ọrùn yìí ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí i nínú eré Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Ṣùgbọ́n oorun ni olórí ọ̀tá. Ẹni tí kò bá sùn tó yóò máa rí ẹranko níbi tí kò sí ẹranko, yóò máa bá igi sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì tòògbé lórí kẹ̀kẹ́ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ mọ ohun tí ó kù.

Ẹ lè bi mí pé, nígbà tí wọ́n ti fọ́n ká bí ẹyẹ, báwo ni ará ilé ṣe mọ ibi tí wọ́n wà? Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé á máa rí àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, àmì róbótó kékeré kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí ń jókòó tì í ní òru. Ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ á fi ojú kan sí ìkòkò, á fi ojú kejì sí fóònù. Bí àmì ọmọ rẹ̀ bá dúró lójú kan ní agogo méjì òru, ìbéèrè dé: ṣé ó sùn ni? Ṣé táyà ni ó jò? Àbí ó ti ṣubú sí kòtò? Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn, àfi ìgbà tí àmì náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àwọn mìíràn a máa jáde sí ojú títì nígbà tí wọ́n bá rí i pé àmì kan ń bọ̀ wá kọjá ní abúlé wọn. Wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n lè pariwo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni ó ń bọ̀, tí ó ń kọjá níwájú ilé yín gan-an nínú oòrùn, ẹ kò gbọdọ̀ bu omi fún un. Èyí ṣòro fún wa láti gbọ́, àwa tí a kọ́kọ́ ń fún àlejò ní omi kí á tó bi í pé níbo ni ó ti ń bọ̀.

Ọdún 2019 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ eré yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Keje, àwọn tí ó lé ní 200 kóra jọ sí Burgas ní ilẹ̀ Bọ̀gáríà, ní etí Òkun Dúdú. Brest ni wọ́n ń lọ, ìlú kan ní ìkángun ilẹ̀ Faransé, ní etí Òkun Atlántíìkì, ìrìn tí ó tó 4,000 kìlómítà. Obìnrin bí 40 wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Fiona Kolbinger, ọmọ Jámánì, ẹni ọdún 24, tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní ìlú Heidelberg. Kò tíì sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó ní lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ lẹ́yìn náà, kò ju pé kí òun wà lára àwọn obìnrin tí yóò kọ́kọ́ dé.

Wọ́n gun òkè Buzludzha ní Bọ̀gáríà, wọ́n gun Besna Kobila ní Sérbíà, wọ́n gun òkè Gardena ní Ítálì. Kí wọ́n tó jáde kúrò láàárín àwọn òkè Alps, àmì Fiona ti wà níwájú gbogbo àmì yòókù. Àwọn tí ó ń wò ó nílé kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ní yóò rẹ̀ ẹ́, àwọn ọkùnrin yóò lé e bá. Ní ibùdó òǹtẹ̀ kẹrin, ní agbègbè Alpe d'Huez, ó rí dùùrù kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ bí i mélòó kan kọjá! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ó wọ Brest: ọjọ́ 10, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48. Ben Davies, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ipò kejì, ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kankan kò tíì borí gbogbo wọn rí. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ì bá tilẹ̀ ti dín oorun òun kù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mike Hall kò sí láyé láti rí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ó lọ sá irú eré kan náà ní ilẹ̀ Ọsirélíà, láti Fremantle dé Sydney, ìrìn tí ó lé ní 5,000 kìlómítà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la ilẹ̀ náà já, ipò kejì ni ó wà, Allegaert nìkan ni ó wà níwájú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, mọ́tò kan kọ lù ú lójú títì nítòsí Canberra, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni ọdún 35 ni. Wọ́n dá eré náà dúró. Àwọn tí ó ti ń wo àmì rẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè rí i pé kò rìn mọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Sydney kóra jọ, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ ní ìrántí rẹ̀ lọ sí ibi tí ìbá ti parí eré náà.

Ní ọdún kan náà, àwọn èèyàn rẹ̀ pinnu pé eré Yúróòpù kò gbọdọ̀ bá a kú. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, ọkọ̀ tún pa oníkẹ̀kẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀m.

Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ọmọ kéékèèké sílẹ̀ lọ sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ láti gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ní òru ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Ojú títì kì í ṣe ti onímọ́tò nìkan. Àwọn tí ń gbé ẹrù oko bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọn kò gba ẹ̀bùn kankan, ọkọ̀ kan náà ni ó ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Lost Dot ni orúkọ ẹgbẹ́ tí ó gba iṣẹ́ eré náà ṣe lẹ́yìn Mike Hall. Àrùn Kòrónà dá a dúró ní ọdún 2020 àti 2021. Nígbà tí ó padà ní 2022, Christoph Strasser, ọmọ Ọ́síríà, ni ó borí, ó sì tún borí ní 2023. Ní 2024 wọ́n jáde láti Roubaix ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n tún lọ parí rẹ̀ sí Istanbul. Ní 2025, Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Constanța ní Ròmáníà, ní etí Òkun Dúdú.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé e nígbà tí ó bá tún dé, oṣù Keje ni ẹ máa fi ojú sí. Ẹ má sì wo àwọn àmì iwájú nìkan. Wọ́n máa ń dá ọjọ́ kan fún ayẹyẹ ìparí, ẹni tí kò bá sì tíì dé lọ́jọ́ náà kò ní ipò mọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin kí ó máa lọ sílé. Ẹ ó rí àmì bí i mélòó kan, níbi tí ó jìnnà sí òkun, tí ó ṣì ń rìn.