Àkóónú Dátà Nínú Òfin Pátẹ́ǹtì: Ìgbà Tí Ọ̀rọ̀ Ń Ṣiṣẹ́ àti Ìgbà Tí Ó Jẹ́ Àpèjúwe Lásán

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí ènìyàn hùmọ̀ ni òfin pátẹ́ǹtì ń dáàbò bò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sára rẹ̀. Bí ohun kan bá ti wà tẹ́lẹ̀, tí ẹnìkan sì yí kìkì ohun tí a tẹ̀ sára rẹ̀ padà, a kò ní torí ìyẹn kà á sí ohun tuntun. Ìlànà yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, ṣùgbọ́n ó kan ètò kọ̀ǹpútà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé dátà ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń lò.

Ìbéèrè tí ilé-ẹjọ́ máa ń bi ni pé: ǹjẹ́ àjọṣe iṣẹ́ wà láàárín ọ̀rọ̀ náà àti ohun tí ó gbé e? Nínú ẹjọ́ Miller (1969), ohun ìwọ̀n ilé ìdáná ni ó wà níwájú adájọ́. Àmì ara rẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ se ìdajì oúnjẹ wọn èròjà láìṣe ìṣirò. Ilé-ẹjọ́ gbà pé àmì àti ohun ìwọ̀n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ti Gulack (1983), òǹkà tí a tẹ̀ yí ọ̀já ká kò lópin nítorí pé ọ̀já náà jẹ́ òbìrí. Wọ́n gba ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ Ngai (2004), ìwé ìtọ́ni tuntun ni a fi kún àkójọ èròjà àyẹ̀wò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kọ̀ ọ́: pẹ̀lú ìwé tàbí láìsí ìwé, àkójọ náà kò yí padà.

Ẹjọ́ Lowry (1994) ni ó mú ọ̀rọ̀ dé inú kọ̀ǹpútà. Ìdájọ́ náà sọ pé ọ̀tọ̀ ni ìsọfúnni tí ọpọlọ ènìyàn ń kà, ọ̀tọ̀ ni ètò dátà tí ẹ̀rọ ń lò láti ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo dátà inú ẹ̀rọ ni ó bọ́ sábẹ́ ààbò yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ tí ènìyàn yóò kà nìkan ni dátà náà ń gbé, àyẹ̀wò pátẹ́ǹtì kò ní fún un ní ìwúwo.

Àpẹẹrẹ kan láti inú iṣẹ́ èdè Yorùbá lè mú kí ó yéni. Bí ètò kan bá ti wà tí ń ṣàfihàn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnìkan sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò wọn, ọ̀nà kan náà ni ẹ̀rọ ṣì fi ń wá ọ̀rọ̀. Ìbáà jẹ́ oríkì, ìbáà jẹ́ orúkọ ewé, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá ń darí ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń to ọ̀rọ̀ sínú ìrántí rẹ̀, tí ó fi ń ya ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ sọ́tọ̀, dátà ti wọnú iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Èyí nìkan kò tó láti gba pátẹ́ǹtì. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ó hàn gbangba sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ Alice (2014) ti fi hàn, ó tún gbọ́dọ̀ ju èrò lásán tí a gbé sórí kọ̀ǹpútà lọ.

Àǹfààní ìlànà náà pín sí méjì. Olùwádìí tí ń ṣe irinṣẹ́ èdè yóò mọ̀ pé ohun tí dátà mú kí ẹ̀rọ ṣe ni kí òun béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò lè da ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ètò tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí ó sì torí bẹ́ẹ̀ nìkan ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù.