Ẹ Tọ́jú Ìwé Owó Ìtọ́jú Yín

Bí àìsàn bá wọ ilé, ara aláìsàn ni gbogbo wa ń wò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí ìwé owó. Ìgbà tí aláìsàn bá dìde tán ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ìjàgun ṣe àpẹẹrẹ. Ara Baba kò yá. Wọ́n kọ́kọ́ ra oògùn ládùúgbò. Nígbà tí kò san, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ibẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ọmọ kan san owó àsansílẹ̀, èkejì ra oògùn, ẹ̀kẹta san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Ìyá sì ń san owó ọkọ̀. Nígbà tí Baba padà wálé, kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí wọ́n ná. Àkọ́bí ní òun ni òun san jù; àbúrò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: ẹni tí ó náwó jù lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní onírọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ ra ìwé kan, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò, àti fáìlì kan. Ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sínú ìwé náà: ọjọ́, orúkọ aláìsàn, ibi tí ẹ lọ, ohun tí ẹ sanwó fún, iye rẹ̀, àti ẹni tí ó san án. Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Bí oṣù bá parí, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún rìsíìtì dídán tí ẹ̀rọ POS ń pọ̀ jáde. Ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe tàdáwà. Bí ó bá pẹ́, tàbí tí oòrùn pa á, ohun tí ó wà lára rẹ̀ a parẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó ṣá.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó àsansílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí òun ni ẹ ó fi béèrè ìyókù owó yín lọ́jọ́ tí aláìsàn bá ń bọ̀ nílé. Ẹ má sì tijú láti béèrè àlàyé owó. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ fún. Òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó yẹ kí ó san lórí oògùn tí ètò náà gbà. Bí wọ́n bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ni yóò jà fún un.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí dókítà bá béèrè oògùn tí aláìsàn ti lò, ẹ ó ṣí ìwé, ẹ kò ní máa sọ pé “funfun kékeré kan ni.” Nítorí náà, ẹ fi èsì àyẹ̀wò àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sínú fáìlì kan náà.

Ẹ gbé e sí ibi tí omi àti eku kò lè dé, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ni àìsàn mìíràn ń kanlẹ̀kùn.