Gbòǹgbò Ni Kí A Ṣọ́: Omi, Koríko àti Pápá Bọ́ọ̀lù ní Bantè àti Savalou

Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́ Bantè àti Savalou, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ilẹ̀ a gbẹ, eruku pupa a sì gba ojú pápá tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni yóò ròyìn fún ìyá rẹ̀ nílé. Nígbà tó bá di alẹ́, àwọn ọmọ kan náà a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn a máa wo pápá ilẹ̀ òkèèrè tó tutù yọ̀yọ̀. Wọn a wá bi wá pé: «Kí ló dé tí tiwa kò rí báyìí?» Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí ìdáhùn náà kan omi tí gbogbo wa ń mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Pápá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó ń lò gùn ní mítà 105, ó sì fẹ̀ ní mítà 68. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7,140. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, koríko lè fẹ́ omi tó ga tó mílímítà 5, èyí tí í ṣe lítà 5 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 35,700, tàbí bídọ̀n onílítà 25 tó 1,428. Ẹ fojú inú wo ìlà bídọ̀n bẹ́ẹ̀ létí pọ́ńpù!

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Àwọn òkè tí wọ́n fi sọ ẹkùn wa ní Collines ti fi èyí hàn. Inú ẹ̀là òkúta ni omi ń sápamọ́ sí, kì í sì í pọ̀ níbi gbogbo. Bí kànga ẹ̀rọ kan bá ń fúnni ní lítà 5,000 ní wákàtí kan, yóò ṣiṣẹ́ ju wákàtí méje lọ kó tó lè bomi rin pápá yìí lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn ìyá àti ọmọ tó gbé korobá dání ńkọ́? Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi mímu ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú omi eré.

Síbẹ̀, ọ̀run kò ṣahun sí wa. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè wa lọ́dún ju mílímítà 1,000 lọ. Lórí pápá kan ṣoṣo, èyí ju lítà mílíọ̀nù méje lọ. Àsìkò tí omi náà ń dé àti ibi tó ń gbà lọ ni ìṣòro wa.

Omi tí kò rọ́nà lọ pàápàá a máa ba pápá jẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Côte d'Ivoire àti Mali ń bá ara wọn ta bọ́ọ̀lù ní pápá ńlá Alassane Ouattara ní Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan. Òjò ńlá rọ̀, omi bo koríko, eré náà kò sì lè tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ìsinmi ìdajì. Wọ́n tún pápá náà ṣe. Orí rẹ̀ ni ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2024, orí rẹ̀ náà ni Côte d'Ivoire ti fi àmì ayò 2 sí 1 borí Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù kejì. Ohun tó wà lábẹ́ koríko, ìyẹn iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ojú ọ̀nà omi, ṣe pàtàkì bí koríko fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tàn yín. Omi tí wọ́n ń fọ́n sórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe fún òùngbẹ koríko. Wọ́n ń ṣe é kí bọ́ọ̀lù lè yára yí.

Kí ni a wá lè ṣe? Ẹni tó ń kọ ebè iṣu mọ ìdáhùn náà tẹ́lẹ̀: ẹ bá òjò ṣiṣẹ́. Koríko bẹ̀múdà fẹ́ràn oòrùn, ìtàkùn rẹ̀ a sì máa rìn nílẹ̀. Bí a bá gbìn ín nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti wọlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a máa bomi rin ín, kí oòrùn má baà fa omi náà lọ. Kí omi náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fún un láyè ọjọ́ díẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ a máa sọ gbòǹgbò di ọ̀lẹ tí kò ní wá omi lọ sísàlẹ̀. Bí a bá ń gé e, kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ. Kí a sì máa fi irin ṣóńṣó gún ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le, kí afẹ́fẹ́ àti omi lè wọlé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò pọn dandan kí gbogbo pápá wa tutù. Koríko bẹ̀múdà lè pọ́n bí ẹni tó ti kú, kó sì tún sọjí nígbà òjò, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣì wà láàyè tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Bí omi bá kéré, iwájú ilé gọ́ọ̀lù méjèèjì, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀ jù, ni kí a fún. Àgbègbè pẹ́nárítì méjèèjì kò gbà ju nǹkan bí lítà 6,650 lọ fún mílímítà 5. Omi òjò tí a gbè láti orí òrùlé lè ṣe púpọ̀ nínú ìyẹn láìfọwọ́ kan omi ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò sọ pé koríko àtọwọ́dá, irú èyí tí ìjọba ti tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìlú ní Benin, ti yanjú ọ̀rọ̀. Ó wúlò, kò sì ń mu omi bíi tàbùdá. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán a máa mú un gbóná ju koríko lọ fíìfíì, ó ń fẹ́ gbígbá àti àtúnṣe, ó sì ní ọjọ́ tí yóò gbó. Òun náà ń fẹ́ olùtọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou. Kí a tó ra koríko, ẹ jẹ́ kí a yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí a sì mọ orísun omi rẹ̀. Ọjọ́ kan péré la fi ń ṣí pápá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ la fi ń tọ́jú rẹ̀.