Sìgá Oníbátìrì: Ṣé Ọjà Tó Yẹ Ká Máa Tà Ni?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́,

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè bóyá òun lè fi owó tí òun fẹ́ yá ra sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé ń béèrè rẹ̀, èrè sì wà lórí rẹ̀. Kò tí ì jókòó tí ìyá kan láti Ọ̀yọ́ fi dìde. Ó ní irú rẹ̀ ni òun rí nínú báàgì ọmọ òun, ọmọ ọdún 15, òun sì rò pé bírò ni. Ìgbìmọ̀ wá ní ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yìí.

Kí ni nǹkan náà gan-an? Kò sí ewé tábà nínú rẹ̀, a kì í sì í ṣáná sí i. Bátìrì kékeré ló ń mú wáyà tín-ín-rín kan gbóná, wáyà náà á sì sọ omi olóòórùn dídùn di ooru tí wọ́n ń fà sínú. Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló ṣe irú èyí tó tàn kálẹ̀ lónìí ní 2003, kí àwọn àgbà tí sìgá ti di bárakú fún lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ níkótínì sábà máa ń wà nínú omi yẹn, ohun kan náà tó ń sọ tábà di bárakú. Ọpọlọ èèyàn kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25, nítorí náà níkótínì tètè ń mú ọmọdé. Òórùn èso inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó ta wọ́n lọ́fun, kì í sì í rùn bíi sìgá tí òbí á fi fura.

Ṣé ẹni tó ń fa èyí yóò padà fa sìgá? Ìwádìí púpọ̀ nílẹ̀ òkèèrè fi hàn pé àwọn ọmọ tó fi í bẹ̀rẹ̀ máa ń dán sìgá wò lẹ́yìn náà ju àwọn tí kò fọwọ́ kàn án lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní ọmọ tó láyà láti dán ọ̀kan wò yóò dán èkejì wò náà ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí níkótínì ti wọ̀ lára, bí bátìrì bá kú, kí ló máa rí nítòsí? Sìgá ẹlẹ́yọ lórí àtẹ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn kan á ní ṣebí ó sàn ju sìgá lọ. Fún àgbà tó ń fa sìgá tẹ́lẹ̀, tó fi í rọ́pò rẹ̀ pátápátá, májèlé tó ń wọ̀ ọ́ lára dín kù. Ọmọ tí kò fa nǹkan kan rí ńkọ́? Kí ló fi ń rọ́pò? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fòfin de títa èyí tí wọ́n ń lò sọnù láti oṣù kẹfà 2025.

Ní ilẹ̀ wa, òfin tábà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 18. A kò sì gbọ́dọ̀ tú páálí sìgá tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ 20 ló kéré jù nínú páálí kan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn kan nínú wa ń tú u tà.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé owó ẹgbẹ́ kò ní í ra sìgá oníbátìrì. A tún bẹ̀ yín: ẹ má ta á fún ọmọdé, ẹ má sì rán ọmọ ní sìgá. Bí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ má kọ́kọ́ mú pàṣán. Ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó bi í níbi tó ti rà á. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà dárúkọ kò jìnnà sílé wọn.

Ọmọ ẹlòmíràn ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ tiwa náà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.


Akọ̀wé Ẹgbẹ́