Ìwé Ìsìn ní Èdè Yorùbá: Láti Òkèèrè Wá sí Ilé, Láti Ilé Lọ sí Òkèèrè



Bí ìyá kan ní ìlú Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń múra àtilọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní London tàbí ní Houston, gbogbo wa ni a mọ ohun tí yóò wà nínú ẹrù rẹ̀: èlùbọ́, gàrí, irú, ẹ̀gúsí àti àdí àgbọn. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá ìjọ, yóò yà sí ilé ìtàwé kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, yóò ra Bíbélì Mímọ́ kan àti Ìwé Orin kan ní èdè Yorùbá fún àwọn tí ó ń lọ bá. Èlùbọ́ yóò tán láàárín oṣù díẹ̀. Ìwé ni ó yẹ kí ó pẹ́ nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Èkínní, ta ni yóò ka ìwé náà níbẹ̀? Èkejì, títí di ìgbà wo ni àwọn ìyá wa yóò fi máa rí i rà nílé? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì so mọ́ ara wọn ju bí a ti ń rò lọ.

Òkèèrè ni ìwé náà ti wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ilé ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé Yorùbá, kí ó tó di pé ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ wa lọ sí ìlú òyìnbó. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni a tà sí oko ẹrú. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn kalẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Akú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ń kí ara wọn ní "ẹ kú" láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Láàárín àwọn tí a kó kúrò nílé yìí ni ìwé wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1828 ni ìyáàfin Hannah Kilham tẹ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ jáde láti inú àwọn èdè tí a ń sọ ní Sàró, Yorùbá sì wà lára wọn. Láàárín ọdún 1830 sí 1832 ni ajíhìnrere John Raban ti ẹgbẹ́ CMS tẹ àwọn ìwé pélébé jáde lórí èdè tí ó pè ní "Eyo". Ọ̀yọ́ ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ ni orúkọ Ọ̀yọ́ ti wà lórí ìwé ní òkèèrè.

Lẹ́yìn náà ni Olúwa gbé Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther dìde, ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. A mú un lẹ́rú ní ọdún 1821. A gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní London, ní oṣù kìíní ọdún 1844 ni ó sì wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn ará wa ní Freetown. Ìtumọ̀ tí ó ṣe fún Ìwé Ìpístélì sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú láti ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn títí Bíbélì odindi fi jáde ní ọdún 1884.

Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ọdún 1855 ni T. J. Bowen, ajíhìnrere àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà láti fi ìdí iṣẹ́ ìhìnrere múlẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ilé ìmọ̀ Smithsonian sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Washington ní ọdún 1858. Èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa di ìwé ní òdìkejì òkun.

Ìwé Pásítọ̀ Johnson

Bí a bá ń sọ nípa ìwé tí ó rin ìrìn-àjò láàárín ilé àti òkèèrè, kò sí èyí tí ó yẹ kí àwọn ará Ọ̀yọ́ rántí bí ìwé Pásítọ̀ Samuel Johnson. Sàró ni a bí i sí, ìlú Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣe iṣẹ́ Olúwa, ibẹ̀ náà ni ó ti parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Ọdún 1901 ni pásítọ̀ náà sùn nínú Olúwa láì fojú rí iṣẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó kó àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ọkọ̀ ojú omi Appam ni a fi gbé e lọ ní ọdún 1916, ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà bọ́ nínú ewu, ó padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 1921. Dókítà Johnson pàápàá ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ta ni ó gbé ìwé náà jáde? Ilé ìtàwé ìjọ ni, CMS Bookshop ti Èkó. Bí kò bá sí ilé ìtàwé tí ìjọ dá sílẹ̀, a kò lè sọ bí ìtàn wa ìbá ti rí lónìí.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí àwọn ọmọ wa ń bá gbé ní London. Ní Southall, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Sikh tí ìran wọn ti Punjab wá ni ó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé wọ́n lé ní 520,000 ní England àti Wales. Ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ìwé wọn yẹ ní wíwò. Ojú ewé 1,430 ni Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ wọn, ní. Láti ọdún 1708 ni wọ́n ti gbà pé ìwé náà gan-an ni olùkọ́ wọn, nítorí náà wọn kì í gbé e bí ọjà. Ní ọdún 2004, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún láti Amritsar lọ sí Kánádà, orí àga inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n gbé àwọn ìwé náà sí, gẹ́gẹ́ bí èrò.

Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a bọ̀wọ̀ fún ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí a lè kà á. Gurmukhi ni irú lẹ́tà tí a fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí London kò sì mọ̀ ọ́n kà. Nítorí náà ni a fi ń rí ìwé àdúrà kéékèèké ní ilé ìtàwé wọn tí a tẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ náà ní Gurmukhi, ọ̀rọ̀ kan náà ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Punjabi nínú ilé ìjọsìn wọn.

Iṣẹ́ tiwa rọrùn ju èyí lọ. Lẹ́tà tí ọmọ wa ń kọ́ ní ilé ìwé ní London ni a fi ń kọ Yorùbá. Àmì ohùn, àmì abẹ́ lẹ́tà àti ẹnì kan tí yóò jókòó tì í ni ó kù, kí ó lè mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, kí ó sì mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọmọ náà ti rin ìdajì ọ̀nà kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé ni ó ń bọ́ òkèèrè

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìbéèrè kejì. Nínú títẹ ìwé, owó púpọ̀ ni a ń ná kí ẹ̀rọ tó tẹ ojú ewé kan ṣoṣo: títo ọ̀rọ̀, àtúnyẹ̀wò àti ìmúrasílẹ̀ ẹ̀rọ. Bí a bá pín owó yìí sórí ìwé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, kò ní hàn lára ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in sórí ẹgbẹ̀rún méjì péré, ìwé yóò di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ará wa ní òkèèrè kò pọ̀ tó, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Àwọn tí ń rà á ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn àti ní Èkó ni wọ́n ń mú kí títẹ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ní ọjọ́ tí àwọn ará ilé bá fi Yorùbá sílẹ̀, tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan wá kù lọ́wọ́ wọn, ìyá tí ń lọ sí London kò ní rí nǹkan kan mú lọ.

Ewu mìíràn tún wà. Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti ń tẹ ọ̀pọ̀ Bíbélì tí a ń tà ní Nàìjíríà, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san án. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà sílẹ̀, náírà ti wálẹ̀ gidigidi sí dọ́là, iye owó Bíbélì sì ń lọ sókè.

Àwọn kan yóò sọ pé fóònù ti dé, kí ni a tún ń fi ilé ìtàwé ṣe? Òtítọ́ ni pé ìbùkún ni fóònù. Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní wà lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó wà ní Chicago lè kà á ní ìṣẹ́jú yìí. A kò bá fóònù jà. Ṣùgbọ́n Bíbélì nìkan kọ́ ni ìjọ ń lò. Ìwé Orin wà, Ìwé Àdúrà wà, ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wà pẹ̀lú, ìjọ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń tẹ tirẹ̀. Ẹ sì rántí ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Ìwé Àìsáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń kà á. Kì í ṣe ìwé ni kò ní. Ẹni tí yóò gòkè wá jókòó tì í, tí yóò là á yé e, ni ó ń wá, Fílípì sì ni Olúwa rán sí i. Fóònù kò lè ṣe iṣẹ́ Fílípì.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

A ń rọ àwọn ìjọ wa ní ìlú méjèèjì pé kí wọ́n máa fi Bíbélì Yorùbá ta ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ nígbà ìtẹ̀bọmi tàbí ìgbọ́wọ́lélórí, kí wọ́n sì máa pè é síwájú ìjọ láti ka ẹ̀kọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ọ̀yọ́ ni a gbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti CMS wá láti Èkó ní ọdún 1896, èyí tí ó di St Andrew's College. Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ti Onítẹ̀bọmi, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ọmọ ìlú méjèèjì yìí kò bá lè ka Yorùbá lórí pẹpẹ.

A ń rọ àwọn òbí ní òkèèrè pé kí wọ́n máa ka ẹsẹ mẹ́wàá péré pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lálẹ́, kí ọmọ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí òbí ti ń pè é. A sì ń bẹ àwọn atẹ̀wé ìjọ pé kí wọ́n fún wa ní ìwé orin kékeré fún àwọn ọmọdé, tí Yorùbá yóò wà ní ojú ewé kan, tí Gẹ̀ẹ́sì yóò sì dojú kọ ọ́ ní ìkejì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni Olúwa lò láti fún ilé ní ìwé. Ilé náà ni ó kàn nísinsìnyí láti má ṣe jẹ́ kí ìwé tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ó fẹsẹ̀ ara wọn lọ. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń gbọ́, kí ó sì fi Fílípì kan sí ilé kọ̀ọ̀kan. Àmín.